Ìwé tó wà lára fìríìjì Màmá

Ọmọ Màmá obìnrin ló ní kí n kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Ó ní bí ẹnì kan péré bá kà á, tó dìde lọ wo ohun tó wà lára fìríìjì ìyá tirẹ̀, inú òun á dùn. Mo ti yọ orúkọ kúrò, mo sì ti yí àwọn nǹkan díẹ̀ tí èèyàn lè fi dá wọn mọ̀ padà.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Bí ọsibítù bá dá èèyàn sílẹ̀ tí ara rẹ̀ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mókun, èmi ni mo máa ń lọ bá a nílé. Ẹni ọdún 79 ni Màmá. Aṣọ ló ń tà ní Nàìjíríà kó tó wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ níbí. Ọmọ tó wá wẹ̀ náà ti ga ju ìyá rẹ̀ lọ báyìí, Màmá ò sì padà mọ́. Ọkàn rẹ̀ ò lágbára láti máa tú ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́, omi wá ń gbára jọ sí ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀ rẹ̀, agbára kíndìnrín rẹ̀ náà sì ń dín kù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù láàárín ọdún kan. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìtọ́jú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbà á dúró, ibẹ̀ ló ti wá sílé. Ọ́fíìsì wa rán mi sí i torí pé mo gbọ́ Yorùbá.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo wọn ìfúnpá rẹ̀, mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ó wú, mo yẹ oògùn rẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ní kí ọmọ rẹ̀ mú mi dé ilé ìdáná. Ara fìríìjì ni mo fẹ́ wò. Ibẹ̀ ni a máa ń ní kí wọ́n lẹ fọ́ọ̀mù MOLST, ìwé àṣẹ dókítà nípa ìtọ́jú tí wọ́n máa fún aláìsàn àti èyí tí wọn ò ní fún un, mọ́, torí ibẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì máa ń yẹ̀ wò bí wọ́n bá wọlé.

Ó wà níbẹ̀, láàárín kàlẹ́ńdà ìjọ àti fọ́tò ọmọ kan tó wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege. Wọ́n ti fàmì síwájú ìlà tó ní bí ọkàn bá dúró, kí wọ́n gbìyànjú láti tẹ àyà. Ìyẹn nìkan ò bà mí lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Òkè ibẹ̀ ni ojú mi dúró sí. Lórí fọ́ọ̀mù Maryland, dókítà gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí òun bá sọ̀rọ̀ kí òun tó kọ àṣẹ náà: bóyá aláìsàn fúnra rẹ̀ ni, bóyá aṣojú tí aláìsàn yàn ni, tàbí ìbátan tó ń sọ̀rọ̀ fún un nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ò lè pinnu mọ́. Ìlà ìbátan ni dókítà fàmì sí.

Bẹ́ẹ̀, Màmá tí mo fi sílẹ̀ ní pálọ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi ṣírò iye ọjọ́ tó kù kí oògùn tó ń fa omi kúrò lára rẹ̀ tán, kò fi ẹyọ kan ṣì í. Òfin Maryland ò gbà kí ìbátan gbapò aláìsàn àfi bí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé kò lè pinnu fúnra rẹ̀.

Mo bi ọmọ rẹ̀ bó ṣe jẹ́. Ó ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé Màmá kúrò lọ́sibítù lọ sí ilé ìtọ́jú ni, ọkọ̀ ti ń dúró nísàlẹ̀. Dókítà kan sáré wọlé, ó ní ìwé kan ló kù. Òótọ́ ni pé òfin ní kí ọsibítù kọ MOLST fún ẹni tó ń ti ibẹ̀ lọ sí ilé ìtọ́jú. Dókítà wá béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé wọ́n fẹ́ kí àwọn ṣe gbogbo ohun tó bá ṣeé ṣe fún ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lórí fóònù láti Houston. “Gbogbo ẹ̀,” ló wí, “ẹ ṣe gbogbo ẹ̀.” Dókítà fàmì, ó buwọ́ lù ú, ó jáde.

Mo ní, “Màmá ńkọ́?”

“Màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Wọ́n ń mu tíì.”

Irú èyí ti pọ̀ jù lára ohun tí mò ń bá pàdé. Ta la máa bi bẹ́ẹ̀ tó máa ní rárá, ẹ má ṣe gbogbo ẹ̀ fún ìyá mi? Ohun tí ọmọ ń gbọ́ nínú ìbéèrè yẹn ni pé ṣé o fẹ́ràn ìyá ẹ. Ọsibítù tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ sì gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ fún aláìsàn tí Gẹ̀ẹ́sì ò já gaara lẹ́nu rẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n má fi ọmọ rẹ̀ ṣe ògbufọ̀. Fóònù ògbufọ̀ wà lára ògiri yàrá yẹn. Ọmọ rẹ̀ rántí pé aláwọ̀ búlúù ni. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ń pa àwọn dókítà, ṣùgbọ́n láti 2016 ni Medicare, ètò ìlera ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn àgbàlagbà, ti ń sanwó fún àkókò tí dókítà bá fi jókòó sọ irú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú aláìsàn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó yẹ ká máa sọ lórí ìdúró nígbà tí ọkọ̀ bá ń dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fọ́ọ̀mù yìí jẹ́, torí mo ti gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń pè é ní ìwé ìhágún. Kò bá ogún tan rárá. Ìwé kan tún wà tí èèyàn fi ń sọ ìfẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ de ọjọ́ tí kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, tó fi ń yan aṣojú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 18 lè ṣe ìyẹn, kódà bí ara rẹ̀ bá le bí òkúta, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì ò lè fi ṣiṣẹ́ lóru. MOLST yàtọ̀. Àṣẹ ìṣègùn ni, bí ìgbà tí dókítà kọ oògùn. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti wọra tàbí tí ara rẹ̀ ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ ni wọ́n ń kọ ọ́ fún, ó sì gbọ́dọ̀ máa bá a lọ láti ilé dé inú áńbúláǹsì, láti ibẹ̀ dé ọsibítù. Oregon ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1991, nígbà tí àwọn tó ń ṣètọ́jú níbẹ̀ rí i pé ohun tí aláìsàn sọ níbì kan kì í bá a dé ibòmíràn. POLST lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀ àti ní California. New York ń pè é ní MOLST bíi tiwa, North Carolina ń pè é ní MOST. Aláìsàn lè yí i padà nígbà tó bá wù ú. Bí kò bá sì sí i nílé, tí wọ́n pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, tí ọkàn sì ti dúró, àyà ni àwọn tó wá máa tẹ̀. Iṣẹ́ wọn nìyẹn.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, mo jókòó ti Màmá, ọmọ rẹ̀ náà jókòó. Mo kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tó le, irú èyí tí wọ́n máa ń ṣe nígbà tí nǹkan bá bọ́ sórí.

“Sọ ọ́,” Màmá ní. “Ṣé mo ti ń sá fún ọ̀rọ̀ rí?”

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe. Mo ní, “Màmá, bí ọkàn yín bá dúró, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n jí yín?”

Wọ́n wò mí. “Ọmọ mi, ta ni yóò sùn tí kò ní fẹ́ kí wọ́n jí òun?”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹni tó sùn là ń jí. Ọ̀rọ̀ tí mo lò ti jẹ́ kó dà bíi pé ẹnì kan máa rọra fọwọ́ kan èjìká wọn, wọ́n á sì lajú. Ohun tí fọ́ọ̀mù yẹn ń béèrè ò jọ jíjí rárá. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ iṣẹ́ mi, kò sẹ́ni tó kọ́ mi bí mo ṣe máa sọ èyí fún ìyá ẹni ní Yorùbá, èmi náà ò sì jókòó rò ó kí n tó la ẹnu.

Mo tún un sọ. Ohun tí ojú máa rí ni mo sọ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ní bí ọkàn bá dúró, èémí á lọ. Ẹni tó bá wá á tẹ́ yín sílẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà yín wọlé, tagbára tagbára, tó ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Egungun ìhà lè dá. Wọ́n lè fi iná mànàmáná gbọn ọkàn. Wọ́n á ki rọ́bà gba ẹnu lọ sí ọ̀nà èémí, ẹ̀rọ á máa bá yín mí, ẹ ò sì ní lè sọ̀rọ̀ bí rọ́bà yẹn bá wà níbẹ̀. Mo ní ó máa ń gba èèyàn là nígbà mìíràn, pàápàá ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá tẹ́lẹ̀. Níbí ní Amẹ́ríkà, nínú èèyàn 10 tí ọkàn wọn dúró níbi tí kì í ṣe ọsibítù, bí ẹnì kan ló máa ń là á já. Fún àgbàlagbà tí àìsàn ọkàn àti ti kíndìnrín jọ ń bá fínra, kò tó bẹ́ẹ̀.

Màmá ń yí etí ìró wọn mọ́ ìka, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń yí i, bí ẹni tó ń wo ojú owú aṣọ. Ó pẹ́ díẹ̀.

“Tí wọ́n bá ṣe gbogbo ìyẹn tán, tí mo sì là á já, ṣé ọkàn tuntun ni màá bá láyà?”

“Rárá, Màmá. Ọkàn àná náà ni.”

“Kíndìnrín ńkọ́?”

“Ó ṣeé ṣe kí òun náà tún bàjẹ́ sí i.”

“Kí wọ́n má wulẹ̀ dáwọ́ lé e.”

Mi ò kọ nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀ yẹn, pé ẹni tó bá ní kí wọ́n má tẹ àyà òun ti ní kí wọ́n pa òun tì. Àṣìṣe ńlá ni, ó sì ti ṣe àwọn aláìsàn níkà. Mo bi Màmá pé bí ọkàn ṣì ń lù ńkọ́, ṣùgbọ́n tí wọn ò rí èémí mí? Wọ́n ní ìyẹn yàtọ̀, kí wọ́n gbé àwọn lọ kíákíá. Abẹ́rẹ́ tó ń fa omi kúrò lára yẹn máa ń ṣiṣẹ́ fún àwọn. Ìbòjú tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síni nímú náà, àwọn lè fara dà á. Rọ́bà ọ̀nà ọ̀fun ni kí wọ́n má mú wá. “Mo fẹ́ máa lè sọ̀rọ̀.” Oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀, bó bá pọn dandan. Rọ́bà oúnjẹ, rárá. Ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, rárá: ọ̀rẹ́ wọn kan ní ìjọ wà lórí rẹ̀ fún ọdún méjì, àwọn ni wọ́n máa ń bá a jókòó tì í níbẹ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ọmọ wọn ti ń sunkún. Ó ní, “Màmá, mo rò pé ẹ ò fẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni.”

“Ẹ̀yin lẹ ò bi mí.”

Èmi ò lè buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà. Ní Maryland, dókítà, nọ́ọ̀sì tó ní àṣẹ láti máa kọ oògùn, tàbí olùrànlọ́wọ́ dókítà ló lè ṣe é. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ wá sílé láti ọ́fíìsì dókítà wọn lọ́sẹ̀ náà. Kò gbọ́ Yorùbá, mo sì ní kó pe ògbufọ̀ orí fóònù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo wà níbẹ̀, torí mo fẹ́ kí ohun tí Màmá bá sọ gba ẹnu ẹlòmíràn yàtọ̀ sí tèmi jáde. Àṣé ògbufọ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “jí.” Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ sọ ti àyà títẹ̀ yẹn, mo ti gbọ́ ọ.” Nọ́ọ̀sì àgbà kọ fọ́ọ̀mù tuntun, ojú ewé méjèèjì, ó fàmì síwájú ìlà tó ní aláìsàn fúnra rẹ̀ ni òun bá sọ̀rọ̀. Ó fa ìlà dábùú fọ́ọ̀mù àtijọ́, ó kọ VOID, pé kò ṣiṣẹ́ mọ́, sí i gàdàgbà, ó kọ déètì, ó buwọ́ lù ú. Màmá tún fẹnu ara wọn yan ọmọ wọn obìnrin ní aṣojú, níwájú nọ́ọ̀sì àgbà àti ẹlẹ́rìí kan, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú wọn. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí láìsí aṣojú, bí aláìsàn ò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́ tí kò sì ní ọkọ tàbí aya, ẹnu ọmọ kan ò ju ti èkejì lọ lábẹ́ òfin Maryland. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá dọ́gba ní ọsibítù, ó di ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí ìtọ́jú.

Ọ̀rọ̀ wọn ò sì dọ́gba. Ẹ̀gbọ́n pè mí láti Houston lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá ló ní kí n dá a lóhùn.

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Yorùbá bíi tiwa,” ó ní, “ẹ̀yin lẹ wá jẹ́ kí ìyá mi fọwọ́ sí ikú.”

Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní gbogbo oògùn Màmá, òun lòún ń rà á. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ nílé pé àwọn wà ní Amẹ́ríkà tí wọn ò sì ṣe nǹkan kan fún ìyá àwọn, ojú wo làwọn fẹ́ fi wo ẹbí? Mi ò rí ẹ̀bi ọ̀rọ̀ yẹn títí di òní. Ọmọ tó ń náwó láti òkèèrè, owó yẹn lọwọ́ rẹ̀ tó ń kan ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún un pé nǹkan kan wà tí owó ò ní ṣe, ó ti gba ọwọ́ yẹn lára ìyá. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó pe Màmá fúnra rẹ̀, kó bi wọ́n.

Ó pè wọ́n lọ́jọ́ Sunday, wọ́n jọ ń wo ojú ara wọn lórí fóònù. Mi ò sí níbẹ̀, àbúrò rẹ̀ ló sọ fún mi. Ó ní Màmá gbọ́ ọ títí, wọ́n wá ní: “Bàbá yín kú lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ọwọ́ mi ló wà lábẹ́ orí rẹ̀. Kí ló ṣe ìyẹn?” Ẹ̀gbọ́n ò fọhùn fún ìgbà pípẹ́. Kò ní òun gbà. Ó ní, “Mo ti gbọ́ yín, Màmá.”

Nínú oṣù January, ní nǹkan bí aago méjì òru, èémí Màmá gé. Ọmọ wọn pe 911. Àwọn tó wá ka fọ́ọ̀mù náà lára fìríìjì, wọ́n fún wọn ní ọ́síjìn, wọ́n fi ìbòjú afẹ́fẹ́ sí wọn lójú, wọ́n gbé wọn. Ọmọ wọn já fọ́ọ̀mù náà, ó fi sáàárín aṣọ òtútù rẹ̀.

Yàrá pàjáwìrì ni wàhálà wà. Fọ́ọ̀mù ti tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà ọsibítù, èyí tí wọ́n fàmì sí nígbà tí Màmá ń mu tíì. Dókítà wò ó, ó wo bí Màmá ṣe ń mí, ó ní kí wọ́n múra rọ́bà sílẹ̀. Wọ́n ti ṣí páálí rẹ̀ nígbà tí ọmọ wọn na ìwé síwájú dókítà, ó ní kó wo déètì. Bí fọ́ọ̀mù bá jẹ́ méjì, èyí tí déètì rẹ̀ sún mọ́ òní jù ni àṣẹ. Dókítà náà ṣe dáadáa. Ó ka iwájú àti ẹ̀yìn, ó pe ògbufọ̀, ó sì bi Màmá fúnra wọn bí wọ́n ṣe wà nínú ìbòjú yẹn. Màmá tọ́ka sí rọ́bà náà, wọ́n mi orí. Wọ́n fi ìbòjú náà sílẹ̀, wọ́n fa abẹ́rẹ́ omi sí wọn lára. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èémí ti ń já gaara. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n padà sílé.

Ẹ̀bi tèmi wà nínú páálí tí wọ́n ṣí yẹn. Mo fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tuntun ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wa, ti dókítà wọn náà wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì àgbà. Mi ò fi ránṣẹ́ sí ọsibítù. Mo rò pé nígbà tí a ti fa ìlà dábùú ti àtijọ́ nílé, ó ti kú níbi gbogbo. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà láàyè nínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Oregon ní ibùdó kan láti 2009 tí wọ́n ń kó fọ́ọ̀mù wọ̀nyí jọ sí, tí àwọn òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì lè pè tọ̀sántòru. Ní tèmi, mo máa ń bi ẹbí báyìí pé ọsibítù wo ni áńbúláǹsì máa ń gbé yín lọ, mo máa ń fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá buwọ́ lù ú, mo sì máa ń pè wọ́n lọ́jọ́ kejì láti bi wọ́n ohun tí wọ́n rí nínú kọ̀ǹpútà wọn. Mo máa ń ní kí ẹni tó wà lórí fóònù ka déètì rẹ̀ sí mi létí.

Ní oṣù March, abẹ́rẹ́ omi ò ràn án mọ́. Màmá ní kí wọ́n má gbé àwọn lọ ibì kankan mọ́. Àwọn hospice, tó ń tọ́jú ẹni tó ti ń lọ sópin ayé rẹ̀ kí ara lè tù ú, wọlé, wọ́n sì tún fọ́ọ̀mù náà kọ láti bá ohun tí Màmá ń fẹ́ nísinsìnyí mu. Ẹ̀gbọ́n wá láti Houston, orí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìdájí ọjọ́ kẹwàá ni Màmá lọ. Wọn ò pe 911. Nọ́ńbà hospice ni wọ́n pè.

Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ kẹta. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lára fìríìjì, kò sẹ́ni tó ráyè yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n já a, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, ó kà á. Kò tíì kà á rí. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó ka ìlà ẹ̀jẹ̀, ìlà oúnjẹ, ìlà ẹ̀rọ kíndìnrín, ó tún padà síwájú.

“Ta ni wọ́n bi ní gbogbo èyí?” ó ní.

Àbúrò rẹ̀ na ìka sí òkè ìwé náà, síbi tí àmì wà.